Ku Kan Ṣoṣo Tí Bùsàrí Kà

Mi ò fẹ́ràn Bùsàrí Abọ́dẹrìn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á dé ìdajì kó máa rò pé ẹ̀gbọ́n àdúgbò mi ni mò ń yìn. Ó fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ. Lójúkojú, "ẹ" ni mò ń pè é, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tèmi yìí, "ó" ni màá máa pè é. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ kọ tirẹ̀.

Jùbílì ní Ìkàrẹ́ la ti jọ ń tajà. Èmi ni Limota tó ń ta ṣájà, àpò fóònù àti gíláàsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Òun ń tún fóònù ṣe. Pákó kan ṣoṣo ló la ṣọ́ọ̀bù wa méjèèjì, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde tí kì í kọ́kọ́ di etí mi. Rẹ́díò ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì wọ Ìkàrẹ́, ó gbá rẹ́díò sí kọ̀rọ̀, ó kọjú sí fóònù, àtìgbà náà ló sì ti ń bínú sí àwọn tó ń ṣe é.

Ẹ ò tíì rí ẹni tó ń bínú báyẹn sí ènìyàn tí kò fojú rí rí. Tí oníbàárà bá gbé fóònù tí kò tàn mọ́ wá, Bùsàrí ò ní tíì tú u tí yóò ti bú àwọn tó wà ní Ṣáínà, yóò bú àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà, yóò sì padà wá bú oníbàárà pé ta ló ní kó rà á. "Ilé-iṣẹ́ tó bá fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ inú fóònù, ó ti mọ ọjọ́ tí fóònù náà máa kú," ló máa ń wí. "Wọ́n ta fóònù fún ọ, wọ́n ta pósí rẹ̀ mọ́ ọn." Ó ní ìwà kan náà ni gbogbo wọn ń hù: ẹni àkọ́kọ́ á yọ ihò íápíìsì kúrò, àwọn yòókù á fi ṣe yẹ̀yẹ́, tó bá di ọdún kejì àwọn náà á yọ tiwọn. "Lọ́jọ́ kan, wọn ò ní fi ṣájà sínú páálí mọ́. Wọn á ní torí igbó àti odò ni. Igbó wo? Ṣé igbó Etioro ni wọ́n fẹ́ bá wa tọ́jú láti ìlú òyìnbó?" A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹ lọ wo inú páálí fóònù tuntun lónìí.

Ilé-iṣẹ́ rẹ́díò kan lágbègbè wa gbọ́ nípa ẹnu rẹ̀, wọ́n fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀ Sátidé. Ó sọ ètò náà ní "Ẹ Má Rà Á". Òfin kan ló ní, mi ò sì lè torí ìbínú kí n parọ́ mọ́ ọn: kì í sọ̀rọ̀ nípa fóònù tí kò tíì wà nínú àpò òun fúnra rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Á gbé e gun ọ̀kadà, á fi í sílẹ̀ sínú oòrùn, á jẹ́ kó já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á gbé e lọ sí ìdí àpáta ní Ọ̀kà níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wá tó ń lọ. Lẹ́yìn náà ló máa wá tú u palẹ̀ létí gbogbo Àkókó. Fún ọdún méje, kò sí fóònù kan tó gba oríyìn lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó bá ṣe dáadáa jù nínú wọn, "Ó ku díẹ̀ káàtó" ló máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn di àwàdà ní Ìkàrẹ́. Tí ọbẹ̀ ò bá níyọ̀, ọkọ á wo ìyàwó, á ní, "Bùsàrí ní ó ku díẹ̀ káàtó."

Ó bú ọjà tèmi náà. Lórí rẹ́díò, láì bojú wẹ̀yìn: "Ṣájà tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ má gbé e sùn tì o, yóò jó yín mọ́lé." Òótọ́ ni. Àwọn ṣájà yẹn ò dáa. Ṣùgbọ́n ṣé aládùúgbò ẹni ló yẹ kó sọ ọ́? Odindi oṣù méjì ni mi ò fi kí i.

Ìyá mi ló bá mi dá sí i. Àsàmáù lorúkọ wọn, Ìyá Memunat ni wọ́n ń pè wọ́n ní Ọ̀kà, torí Memunat ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí. Wọn ò mọ ìwé kà rárá. Rẹ́díò ni ìwé ìròyìn wọn, wọn kì í sì í pàdánù ètò Bùsàrí. Nígbà tí mo rojọ́ ṣájà fún wọn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. "Limota, ẹni tó lè bú ọjà rẹ lójú rẹ, tẹ́ ẹ sì jọ ń mu omi kan náà, ẹni yẹn ò lè purọ́ fún èmi tí kò mọ̀ rí." Mo bínú lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ní ọdún 2018, nígbà tí Iléyá ku bí oṣù mẹ́ta, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọlálẹ́yẹ gbé mọ́tò dúdú wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Bùsàrí. Láti Èkó ló ti wá. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó rán an. Wọ́n ní lọ́yà, ṣájà lèmi ní. Wọ́n fẹ́ ṣe fóònù kan tí wọ́n pè ní Sọfúnmi. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni, ṣùgbọ́n tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé, tó o bá tẹ bọ́tìnnì pupa, á ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sókè ní Yorùbá. Fún àwọn tí kò mọ̀wé kà ni wọ́n ṣe é. Ọlálẹ́yẹ pe Bùsàrí ní "onímọ̀ wa ní gbogbo Àkókó". Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó. Mo tún gbọ́ bí Bùsàrí ṣe dákẹ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára, torí Bùsàrí kì í dákẹ́.

Ohùn rẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Ohùn rẹ̀ ni fóònù náà yóò máa fi sọ̀rọ̀.

Ó lọ sí Àkúrẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n tì í mọ́ yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ó ń ka ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ. Wọ́n ní kó má ṣe sọ̀rọ̀ bí ará Ìkàrẹ́, kó sọ Yorùbá ilé ìwé. Ó sọ ọ́. Nígbà tó dé, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Ní Sátidé tí fóònù náà jáde, lẹ́yìn ọdún méje "Ẹ má rà á", Bùsàrí la ẹnu lórí rẹ́díò, ó ní, "Ẹ rà á."

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo kan pákó. "Bọ̀dá Bùsàrí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yín ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ni?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta inú àpò. Òní ni fóònù yìí jáde."

"Limota, ohùn ara mi ni màá fi sápò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ṣé mi ò mọ ohùn ara mi ni?"

Ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an nìyẹn. Mo sì bá a rẹ́rìn-ín, èmi náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Sọfúnmi ti dé ọwọ́ àwọn ìyá àgbà ní Ọ̀kà, ní Ọ̀bà, ní Etioro, títí dé Ìpè. Ìyá mi ò jẹ́ kí n sinmi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi rà á fún wọn, ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ́ wọn ní bọ́tìnnì pupa. Ẹ máa rántí ìyẹn nígbà tí mo bá ń bú Bùsàrí. Mò ń rántí ẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí fóònù náà kà á jáde pé "Ẹ kú àárọ̀, Màámi", ìyá mi kúnlẹ̀ dá a lóhùn. Wọ́n pe àwọn ará ilé wá gbọ́. "Bùsàrí ti wá ń gbé ọ̀dọ̀ mi o!"

Ọjọ́ méjì ṣáájú Iléyá, Memunat, tó ń gbé ní Lọ́kọ́jà, ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ̀ wálé wá bá ìyá mi ṣọdún. Mẹ́ta ti jókòó sínú mọ́tò ní gáréèjì. Ìkẹrin, Sàídì, lọ gba bàtà ọdún rẹ̀ lọ́wọ́ aránbàtà, kò sì tíì dé. Memunat pe ìyá mi, kò lọ. Ó bá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́. Mo ní i lọ́wọ́ títí dòní, báyìí ló ṣe kọ ọ́:

Maami, awon omo ti wo moto. Omo kan lo ku.

Ta ló ń fi àmì sórí àtẹ̀jíṣẹ́? Kò sẹ́nì kan. Ẹni tó bá mọ̀wé kà á kà á, ọpọlọ rẹ̀ á fi àmì sí i fúnra rẹ̀: ọmọ kan ló kù, a ń dúró dè é. Kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé òun ronú. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò mọ̀wé kà. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì pupa, ohùn Bùsàrí sì dáhùn, ohùn tó já gaara, ohùn tí kì í purọ́:

"Màámi, àwọn ọmọ ti wọ mọ́tò. Ọmọ kan ló kú."

Ìyá mi tún un tẹ̀. Aládùúgbò wọn, Bàbá Pius, ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ ọ ní ìgbà mẹ́fà tàbí méje láti àgbàlá òun, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí pe Memunat. Kò lọ. Nẹ́tíwọ̀kì kì í dúró nínú ilé wa ní Ọ̀kà. Gbogbo wa la mọ̀ pé àfi kéèyàn gun àpáta ẹ̀yìn ilé. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni ìyá mi. Wọ́n gun àpáta náà lẹ́sẹ̀ lásán, fóònù lọ́wọ́ kan, gèlè lọ́wọ́ kejì, wọ́n ń bi Ọlọ́run pé èwo nínú mẹ́rin. Wọn ò tíì dé orí rẹ̀ tí ẹsẹ̀ fi yọ̀.

Eegun ìgbáròkó wọn ló kán. Bàbá Pius pè mí, mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láì tì í, mo gun ọ̀kadà. Orí bẹ́ńṣì ọsibítù ni mo ti bá wọn. Wọn ò sọ nípa ẹsẹ̀. "Èwo ni nínú wọn? Ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ṣé Sàídì ni?" Mo gba fóònù, mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́.

Agogo méje alẹ́ ni àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé, Sàídì wọ bàtà tuntun. Ìyá mi fọwọ́ kan orí wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n kà wọ́n, wọ́n tún wọn kà. Síbẹ̀, wọn ò gbà pé Bùsàrí purọ́. "Ó ní ọ̀kan kú. Bóyá ọmọ ẹlòmíràn ni."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ju fóònù náà sórí tábìlì Bùsàrí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó jókòó.

"Ẹ wò mí lójú," mo wí. "Kí lẹ kà sínú ẹ̀rọ yẹn ní Àkúrẹ́?"

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí pépà ni." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kò sí àmì lórí ọ̀kankan. Wọ́n kọ 'ku' sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo bi wọ́n pé èwo nínú rẹ̀, kú ni, àbí kù, àbí ku? Ọlálẹ́yẹ ní kí n kà á bó ṣe máa ń wà lẹ́nu mi. Kí ló ń wà lẹ́nu èèyàn, Limota? Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọdún. Mo kà á ní kú."

"Ẹ mọ̀ nígbà náà pé kò tó."

Ó dojú fóònù náà bo tábìlì.

"Bọ̀dá Bùsàrí, ẹ mọ̀!"

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo rò pé mo máa sọ fún wọn tó bá yá. Inú mi dùn jù. Mo ní gbogbo ìyá Àkókó á máa gbọ́ ohùn mi lọ́wọ́ ara wọn."

Ẹ gbọ́ mi. Ọ̀lẹ tó ṣe ṣájà burúkú ò mọ̀ mí, kò mọ ìyá mi. Èyí mọ̀ wá. Gbogbo ohun tó ti ń bú àwọn ilé-iṣẹ́ fún láti ọdún méje, pé wọ́n mọ àléébù ọjà wọn kí wọ́n tó tà á, pé oríyìn dùn mọ́ wọn ju ẹni tó máa lò ó lọ, òun náà ló jókòó ṣe é ní òtẹ́ẹ̀lì Àkúrẹ́. Mo sọ ọ́ fún un, gbogbo Jùbílì sì gbọ́. Mo ní tí kò bá sọ ọ́ lórí rẹ́díò ní Sátidé, èmi á lọ sọ ọ́, màá sì gbé ìyá mi dání lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mìíràn wà ní Etioro tó ní fóònù yìí. Ìyá mìíràn wà ní Ìpè. Àsìkò Iléyá ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ pé ó ku ẹnì kan, ó ku ẹran, ó ku ọjọ́ kan, yóò pọ̀ bí òjò.

Ó pe Ọlálẹ́yẹ níṣojú mi. Ọlálẹ́yẹ ò ka ọ̀rọ̀ náà sí nǹkan kan. "Ọ̀gá mi, àtúnṣe ń bọ̀ láti orí nẹ́tíwọ̀kì. Kò sí fóònù tí kì í ní irú ẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù. Ẹ ṣáà ní sùúrù títí ọdún tuntun. Ẹ rántí ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí o, ẹ ò gbọdọ̀ bú u. Èmi náà ní ọ̀gá lórí, sà." Bùsàrí pa ìpè náà. Ó wò mí bí ẹni tí ń retí kí n dárí jì í. Mo jáde.

Ní Sátidé, mo gbé rẹ́díò sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ìyá mi kọjú sí ògiri. Bùsàrí bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ó kí gbogbo Àkókó. Ó ní òun gbé Sọfúnmi dání, pé kí ẹni tó bá ní nọ́ńbà òun fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹnì kan fi "Ise mi ku die" ránṣẹ́. A gbọ́ ọ: "Iṣẹ́ mi kú díẹ̀." Àwọn tó wà ní sítúdíò rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn fi ọ̀rọ̀ àwàdà ìlú ránṣẹ́, fóònù sì fi ohùn Bùsàrí ba ọ̀rọ̀ Bùsàrí jẹ́: "Ó kú díẹ̀ káàtó." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá kan wà ní Ọ̀kà tí kò rẹ́rìn-ín," Bùsàrí wí. Ó sọ ọ́ tán. Ó sọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó sọ àpáta, ó sọ eegun. Kò dárúkọ ìyá mi. "Kì í ṣe Ṣáínà ló ṣe é. Kì í ṣe òyìnbó. Èmi ni mo kà á. Wọ́n pè mí ní onímọ̀, mo sì gbà pé mo mọ̀. Ẹni tó bá ní fóònù yìí, kó pa ohùn mi. Kó wá ọmọ ilé ìwé kó bá a kà á. Ẹ má rà á. Mo ní ẹ má..."

Orin ìpolówó ló bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìpolówó Sọfúnmi ni. Ètò náà ò padà wá mọ́ láti ọjọ́ yẹn dòní, lọ́yà ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà sì ń fi ìwé pè é.

Àwọn èèyàn ní Jùbílì ní akin ni Bùsàrí. Wọ́n ní kí n yìn ín. Mi ò yìn ín. Ẹni tó da omi sílẹ̀ tó wá nù ún, ṣé ọpẹ́ la máa dú? Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àwọn ìyá ń gbé Sọfúnmi wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó bá wọn pa ohùn ibẹ̀. Ó ń pa á níkọ̀ọ̀kan. Mò ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó, ohùn rẹ̀ nínú fóònù á sọ pé "Ẹ kú", yóò sì dákẹ́.

Oṣù kejì lẹ́yìn Iléyá, ìyá mi ti wà nílé ní Ọ̀kà, wọ́n sùn, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n kọ sí ilẹ̀kùn. Bùsàrí dé láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀, ó gbé ọsàn dání nínú ọ̀rá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ bí ọmọlúwàbí ṣe ń bẹ̀rẹ̀:

"Ẹ kú ilé, Màmá."

Ìyá mi ta jí. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Limota! Ta ló tún kú?"

Ọ̀rá ọsàn bọ́ lọ́wọ́ Bùsàrí. Ó la ẹnu, mo rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń bọ̀, ẹ kú ìrora, ẹ kú ìrọ́jú, mo rí i tó ń gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, lórí ìloro, ojú rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. 

"Sàlámù aléékùn, Màmá."

Ìyá mi tẹ́tí sílẹ̀. Wọ́n ń retí ìyókù. Nígbà tí ìyókù kò dé, wọ́n ní, "Wàáléékùn sàlámù."

Wọ́n ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Bùsàrí ń wá ní gbogbo Jímọ̀, ó ń bá wọn gé igi ìdáná, mi ò sì tíì fẹ́ràn rẹ̀. Kì í sọ ẹ kú àárọ̀. Nígbà Iléyá ọdún tó tẹ̀ lé e, gbogbo ilé ń kí ara wọn kú ọdún, ó kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo ẹnu wa. Ọkùnrin tó fi ọ̀rọ̀ gba gbogbo Àkókó kan. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà ìyá mi, sàlámù yẹn nìkan ló kù fún un.